Bí mo bá gbé kóòdù mi síta, ṣé kì í ṣe olè ni mo ń ṣílẹ̀kùn fún?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣómólú ni mo wà, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti ń kọ software kan, PHP àti Laravel, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ software, ni mo fi kọ ọ́, MySQL tó jẹ́ database ló ń tọ́jú dátà ẹ̀ nísàlẹ̀. Tí kọ́sítọ́mà bá ní òun fẹ́ tẹ handbill ẹgbẹ̀rún márùn-ún, á bá wa ṣírò iye bébà, iye plate tá a máa fi tẹ̀ ẹ́, iye bébà tó máa ṣòfò, àti owó tá a máa gbà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba ní kí n gbé kóòdù ẹ̀, ìyẹn ohun tí mo kọ tí software fi ń ṣiṣẹ́, síta lórí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé bí technology ṣe ń lọ síwájú nìyẹn. Àbúrò bàbá mi gbọ́, inú bí i, ó ní ta ló ń so kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ẹnu ọ̀nà kó tó lọ sùn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kéèyàn máa pín iṣẹ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ń mú nǹkan tuntun wá? Ṣé kì í ṣe pé àwọn olówó á kó o, wọ́n á fi pawó, èmi á wá máa wò wọ́n?"

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, bá mi kí bàbá náà. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo rí i pé ìbéèrè méjì lo dì pọ̀ sínú ẹrù kan. Ọ̀kan ni pé ṣé wọn ò ní jí iṣẹ́ mi. Èkejì ni pé ibo ni nǹkan tuntun ti ń wá gan-an. Ti àkọ́kọ́ ló ń dẹ́rù bà ẹ́, àmọ́ ti èkejì ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí tó o bá ti mọ ibi tí nǹkan tuntun ti ń wá, ìwọ fúnra ẹ á mọ èyí tó yẹ kó o gbé síta àti èyí tó yẹ kó o tì mọ́lé. Bàbá ò ṣìnà, ọ̀rẹ́ ẹ náà ò purọ́, kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń rí ni. Bàbá ń rí ọjà orí àtẹ, tẹ́nì kan bá gbé e lọ, àtẹ á ṣófo. Kóòdù ò rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gé bébà kó má baà ṣòfò, ọ̀bẹ tèmi ò ní torí ẹ̀ kú.

Jẹ́ ká ti àdúgbò ẹ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn yìí wà tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ò fi ń rí i mọ́. Mo ti ń gbé iṣẹ́ wá sí Ṣómólú ó ti pẹ́. Lójú tèmi o, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Bajulaiye àti àwọn òpópónà tó yí i ká tó ní gbogbo ẹ̀rọ tán. Ẹnì kan ló ń ṣe plate, ẹnì kejì ló ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀, ẹlòmíì ń gé bébà, ẹlòmíì ń ṣe lamination, àwọn ìyá kan sì wà tó jẹ́ pé kí wọ́n to ojú ìwé kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ ni iṣẹ́ tiwọn, àwọn ọmọkùnrin á wá máa ru bébà láti ilé dé ilé nínú ariwo jẹnẹrétọ̀. Torí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó ṣe fúríídọ́ọ̀mù lánàá ṣe lè di ọ̀gá lónìí láìní ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Tó bá ti ní ọgbọ́n káàdì ìgbéyàwó kan tẹ́nikẹ́ni ò ṣe rí, ọgbọ́n yẹn nìkan ló máa mú wá, ìyókù ti wà nílẹ̀ dè é. Tó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀gá ló ti ẹ̀rọ tiwọn mọ́lé tí wọ́n ní àwọn ò ní bá ẹlòmíì gé bébà, ó di dandan kí ọmọ yẹn ra ẹ̀rọ bíi mẹ́fà kó tó lè dán ọgbọ́n ẹ̀ wò, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kò ní dán an wò. Káàdì yẹn ò ní sí láyé. Àwa ò sì ní mọ̀ pé a pàdánù nǹkan.

Bí open source, ìyẹn kéèyàn gbé kóòdù síta kí ẹnikẹ́ni lè lò ó kó sì tún un ṣe, ṣe rí gan-an nìyẹn, àyàfi pé kóòdù ò dà bí ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ẹnì kan ní láti dúró kí ẹnì kejì parí tiẹ̀. Wo nǹkan tí ìwọ fúnra ẹ kà sílẹ̀ fún mi. PHP yẹn, Rasmus Lerdorf ló kọ ọ́ láti fi mójú tó ojú ewé ara ẹ̀, ó gbé kóòdù ẹ̀ síta ní 1995. Laravel, open source ni. MySQL, open source ni. Server tó o yá yẹn, tó bá jẹ́ èyí tí owó ẹ̀ ò wọ́n ni, ó dá mi lójú pé Linux, operating system tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí ẹ̀. Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, tí ọ̀rẹ́ ẹ fẹ́ kó o fi gbé e lọ, òun náà ni. Nínú gbogbo nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bàbá bá tẹ bọ́tìnì tí iye owó bá jáde, bóyá la fi rí ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún tó jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, ọ̀kan yẹn sì ni iyì ẹ, torí òun ni ẹlòmíì ò mọ̀: ìwọ lo mọ̀ pé bébà máa ń ṣòfò kí àwọ̀ tó jókòó, ìwọ lo mọ̀ pé iṣẹ́ aláwọ̀ mẹ́rin á jẹ plate mẹ́rin. Ká ní o ní láti kọ́kọ́ kọ PHP tìẹ, kó o kọ database tìẹ, ìwọ ì bá má tíì dórí ọ̀rọ̀ bébà títí dòní. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àwọn tó kọ nǹkan wọ̀nyẹn ò mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Ṣómólú, síbẹ̀ wọ́n ti bá ẹ ṣe iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tó máa fi iṣẹ́ ẹ ṣe nǹkan tuntun, o ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ ẹ́. Tó bá ní láti wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹ kó tó dán nǹkan wò, kò ní wá, torí kò tíì mọ̀ bóyá nǹkan tóun ń rò máa ṣeé ṣe, ta ló ń wá bẹ̀bẹ̀ torí nǹkan tí kò dá a lójú? Ìgbà tí kò bá sí pé a ń tọrọ ààyè ló máa dán an wò lóru, kò tọ́ yóò jù ú nù, ó tọ́ ayé á gbọ́. Ìdánwò tí kò wọ́n ló ń bí nǹkan tuntun, kóòdù tó wà ní gbangba ló sì ń jẹ́ kí ìdánwò má wọ́n.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí ẹ̀yin onítẹ̀wé fẹ́ràn, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló dá a sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, akọ̀wé kóòdù kan tó ń jẹ́ Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní AI Lab, ibùdó ìwádìí kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí bébà bá há sí i lẹ́nu, ó ti kọ kóòdù kan sí i tó ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń dúró, pé ẹ dìde ẹ lọ yọ bébà. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Xerox fún wọn ní ẹ̀rọ laser tuntun, bébà ń há sí ìyẹn náà, àmọ́ wọn ò fún wọn ní kóòdù ẹ̀. Ó lọ bá ẹnì kan ní yunifásítì míì tó ní kóòdù yẹn lọ́wọ́, ẹni yẹn ní òun ti fọwọ́ síwèé pé òun ò ní fún ẹnikẹ́ni. Àbí o ò rí i? Àtúnṣe ti wà lórí ẹnì kan, ó ti ṣe é rí, ọwọ́ ẹ̀ yá, kò gbowó, ìlẹ̀kùn títì nìkan ni kò jẹ́ kó ṣe é. Ní September 1983 ló kéde GNU, iṣẹ́ láti kọ operating system tí kóòdù ẹ̀ máa wà ní gbangba, ní 1989 ló gbé GPL jáde, láísẹ́ńsì kan, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń sọ ohun téèyàn lè fi kóòdù ṣe. Mo mọ̀ pé ìwọ náà ti rí irú ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà ní Ṣómólú, mẹkáníìkì àdúgbò á tú u, á lọ rọ irin tó ti jẹ, ẹ̀rọ á tún máa lọ fún ogún ọdún. Ẹ̀rọ dígítà tó ń fi password ti ara ẹ̀ ńkọ́? Ó kọ nọ́ńbà àṣìṣe kan síta, ó sì dákẹ́, ẹ óò jókòó ti iṣẹ́ kọ́sítọ́mà títí ẹnjiníà tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fi máa dé.

Èmi náà ti tì í rí, kó o má rò pé ẹnu ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ní bí ọdún 2006 mo kọ software kan tó ń ṣe èsì ìdánwò fún ilé-ìwé kan ní mainland yìí. Mo tì í gbọn-in, ẹ̀dà kóòdù kan ṣoṣo ló wà, inú kọ̀ǹpútà mi. Mo rò pé tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa pè mí títí láé. Disk kọ̀ǹpútà yẹn bàjẹ́ lọ́jọ́ kan tí iná mànàmáná wá lójijì pẹ̀lú agbára. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ilé-ìwé fẹ́ yí bí wọ́n ṣe ń ka máàkì padà, kò sẹ́ni tó lè ṣí i, èmi tí mo kọ ọ́ náà ò lè ṣí i. Wọ́n padà sí bírò àti ìwé. Tíṣà kọ̀ǹpútà wọn, ọmọkùnrin kan tó gbọ́n dáadáa, ì bá ti tún un ṣe fúnra ẹ̀ ká ní kóòdù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Software kejì tí mo kọ yàtọ̀. Kọ́sítọ́mà kan fẹ́ kí rìsíìtì òun máa kọ iye owó ní Yorùbá, mo wá kọ nǹkan kékeré kan tó ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀. Kò rọrùn o, ìwọ náà mọ̀ pé Yorùbá kì í kàn ń fi kún, ó ń yọ kúrò: 45 jẹ́ márùn-ún dín ní àádọ́ta, àádọ́ta náà fúnra ẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbé kóòdù ẹ̀ síta. Oṣù mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, tíṣà kan ní Ìjẹ̀bú Òde kọ̀wé sí mi pé kóòdù mi ń pe 25 ní márùndínlọ́gbọ̀n, pé ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n là ń sọ. Òótọ́ ni, òfin tí mo fi ṣe 35 ni mo fi ṣe é, etí mi ti gbàgbé. Ó tún ní 1,500 tí mo kọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ̀rún kan ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, àwọn àgbà á pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, ó bá mi to gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Ẹnì kan tún yọjú láti Pọ́bẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ Yorùbá pẹ̀lú ɛ àti ɔ tí kò ní àmì nísàlẹ̀, ó fi ọ̀nà ìkọ̀wé tiwọn kún un, èmi ò tiẹ̀ rò ó rí. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ọmọbìnrin kan tó yí i síwá sẹ́yìn, tó so ohùn mọ́ ọn, kí fóònù lè máa ka iye owó sétí ìyá ẹ̀ tí ò mọ̀wé kà, tó ń tajà ní Ìdúmọ̀tà. Mo kọ nǹkan fún rìsíìtì, ó di ojú fún ẹni tí ò mọ̀wé. Mi ò bá ti lè pe ọmọ yẹn sípàdé kí n sọ pé wá bá mi ronú, mi ò mọ̀ pé ó wà láyé.

Nǹkan ńláńlá tí ayé ń lò náà, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Linus Torvalds jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ní Helsinki ní Fínláńdì, ọmọ ọdún 21, nígbà tó kéde ní 25 August 1991 pé òun ń ṣe operating system kan, ó ní eré ọwọ́ dilẹ̀ lásán lòun ń ṣe, pé kò ní tóbi. Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ, ó sì kan ìbẹ̀rù ẹ. Láísẹ́ńsì tó kọ́kọ́ fi sí i ò gbà kẹ́nikẹ́ni fi pawó. Ní 1992 ló yọ ìyẹn kúrò tó gba GPL: fi pawó tó o bá fẹ́, àmọ́ tó o bá tún un ṣe tó o sì pín in, kóòdù àtúnṣe ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ wá rọ́ wọlé, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè jẹun níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé alátakò àwọn ò lè gbé e sá lọ. Lónìí Linux ló wà nísàlẹ̀ Android tó wà lápò ẹ, láti November 2017 sì ni gbogbo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lórí àtẹ TOP500 ti ń lo òun nìkan. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń to àtúnṣe Linux jọ ní wọn ò ní lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ ní 2005, Torvalds kọ Git, wọ́n wá gbé GitHub lé orí Git ní 2008. Nǹkan kan ń bí èkejì, èkejì ń bí ẹ̀kẹta.

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ti òyìnbó nìkan ni. Software kan wà tó ń jẹ́ Ushahidi, torí Kẹ́ńyà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, January 2008, nígbà tí ìjà ìdìbò gba ibẹ̀ kan, kí àwọn èèyàn lè máa fi fóònù ròyìn ibi tí wàhálà wà, kó máa hàn lórí máàpù. Open source ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti ní 2010, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń wá ibi tí àwọn èèyàn ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ wa níbí, Open Source Community Africa kó àwọn ọmọ jọ ṣe àjọ̀dún open source àkọ́kọ́ wọn ní Èkó ní February 2020. Mo sì ń bá àwọn ọmọ tó wà ní àyíká UNILAG àti Yabatech sọ̀rọ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú wọn ò lọ síbi kankan kọ́ iṣẹ́ yìí, kóòdù ẹlòmíì ni wọ́n ń kà lóru tí dátà bá pọ̀ díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ò gba owó ìforúkọsílẹ̀ ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ olè. Àwọn nǹkan kan wà tó lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà ẹ. Kéèyàn gbé kóòdù síta ò sọ pé kò ní ẹni tó ni ín mọ́. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ Nàìjíríà, Copyright Act 2022, ka software mọ́ iṣẹ́ ìwé tí òfin ń dáàbò bò, tìẹ ni, láísẹ́ńsì lo sì máa fi sọ ohun táwọn èèyàn lè fi ṣe. Tó o bá gbé e sórí GitHub láìfi láísẹ́ńsì sí i, wọ́n lè wò ó, wọn ò ní ẹ̀tọ́ láti mú un lò, ìyẹn ò sì ṣe ẹ́ láǹfààní torí àwọn olóòótọ́ á yẹra fún un, àwọn olè nìkan ló máa mú un. Ohun kejì, kóòdù kọ́ ni dátà. Orúkọ kọ́sítọ́mà, nọ́ńbà fóònù wọn, iye tí bàbá ń gbà lórí plate kan, ìyẹn ò gbọ́dọ̀ jáde rárá, tàwọn kọ́sítọ́mà yẹn tiẹ̀ ní òfin tiẹ̀, Nigeria Data Protection Act 2023. Yẹ ìtàn Git ẹ wò dáadáa pẹ̀lú, torí password tó o kọ sínú kóòdù lóṣù kẹta tó o wá pa rẹ́ lóṣù kẹrin ṣì wà nínú ìtàn yẹn, ẹni tó bá wá a á rí i. Ohun kẹta ni èyí tí màá fẹ́ kó o kà sétí bàbá: kí ló ń mú kọ́sítọ́mà wá sọ́dọ̀ yín? Ṣé ìṣirò ni? Wọ́n ń wá torí tí wọ́n bá gbé ìwé ètò ìsìnkú wá lọ́jọ́ Wednesday, ó máa jáde lálẹ́ Thursday, àwọ̀ ojú olóògbé ò ní di àwọ̀ ewé, bàbá sì máa gba ìdajì owó kó fọkàn tán wọn fún ìyókù. Kò sẹ́ni tó lè ti GitHub kó ìyẹn lọ.

Mi ò wá ní parọ́ fún ẹ pé gbogbo ẹ̀ ló dùn. Nǹkan mẹ́fà ni mo ti gbé síta láyé mi, mẹ́rin nínú ẹ̀ kò sẹ́ni tó wò ó. Ìlẹ̀kùn ṣíṣí ò ní kí àlejò wọlé. Àwọn tó bá sì wá, àwọn kan á máa bèèrè bíi pé wọ́n sanwó fún ẹ, wọ́n á ní o ò tíì dáhùn láti àná, wọn ò mọ̀ pé kò síná ládùúgbò ẹ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń rẹ èèyàn. Ewu tó tiẹ̀ ju ìyẹn lọ wà, pé kí gbogbo ayé gbára lé iṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò bójú tó. Ní April 2014 ni wọ́n rí àlébù tí wọ́n ń pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, èyí tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti wà níbẹ̀ fún bí ọdún méjì, gbangba ló wà, àwọn èèyàn díẹ̀ tí owó ò tó wọn ni wọ́n ń tọ́jú nǹkan tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń jẹun. Ní March 2024 ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan ti fi ọdún bíi méjì ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tọ́jú xz, irinṣẹ́ kan tó ń sọ fáìlì di kékeré, ó wọnú iṣẹ́ náà, ó sì fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sí i. Andres Freund tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft ló rí i, torí pé wíwọlé sórí server ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó tú u wò. Ó rí i torí kóòdù wà ńlẹ̀ láti tú, òótọ́ ni, àmọ́ díẹ̀ ló kù. Àwọn tó sọ fún ẹ pé ohun tó bá ti ṣí sílẹ̀ kì í ní àlébù, wọn ò tíì tọ́jú ọ̀kan rí.

Ìbẹ̀rù ẹ nípa àwọn olówó náà ní ìdí. Elastic, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe software tí wọ́n fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú dátà, yí láísẹ́ńsì ẹ̀ padà ní 2021 torí ó ní àwọn ilé-iṣẹ́ cloud ńlá, ìyẹn àwọn tó ń fi server yáni, ń ta iṣẹ́ òun láìdá nǹkan padà, Amazon bá mú kóòdù tó ti wà ní gbangba tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di OpenSearch. Inú èmi ò dùn sí i, síbẹ̀ ojú kan náà ni mo fi ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì: nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú b2, software kan tí wọ́n fi ń kọ búlọ́ọ̀gì, jáwọ́ ńbẹ̀, kóòdù yẹn kan náà ni Matt Mullenweg àti Mike Little gbé ní 2003 tí wọ́n fi ṣe WordPress tí àwọn èèyàn fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bù. Ẹ̀tọ́ kan náà ló gba Amazon láàyè tó sì gba b2 lọ́wọ́ ikú. O ò lè gba ọ̀kan kó o kọ ọ̀kan.

Ohun tí èmi máa ṣe tí mo bá jẹ́ ìwọ rèé. Mi ò ní gbé gbogbo ẹ̀ síta. Màá yọ apá tó ń ṣírò bébà kúrò lára ìyókù: iye A5 tó wà nínú bébà kan, ọ̀nà tó dáa jù láti tò ó kó má ṣòfò, iye plate. Ìyẹn nìkan ni màá ṣí. Ìdí ẹ̀ ni pé gbogbo onítẹ̀wé ló ń jìyà ẹ̀, láti Ṣómólú dé Múṣin dé Àbá, kò sì sẹ́ni tó ń jèrè lórí pé ẹlòmíì ò mọ̀ ọ́n. Ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà, gbèsè, àti iye owó yín, màá tì í mọ́lé. Ní ti láísẹ́ńsì, mo ro MIT, láísẹ́ńsì tó gba orúkọ yunifásítì yẹn, mo ro GPL. MIT á jẹ́ kó tàn kíákíá, àmọ́ ẹnikẹ́ni lè gbé e kó sì ti àtúnṣe tiẹ̀ mọ́lé. GPL á fi dandan lé e pé ẹni tó bá pín in kó pín kóòdù ẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ ẹni tó bá kàn gbé e sórí server tó ń gba owó ìlò, GPL ò mú un, AGPL ló ń mú irú ẹni yẹn. Fún ìṣirò bébà, èmi á mú MIT, torí àtúnṣe ni mò ń wá, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ odindi software lo fẹ́ ṣí lọ́jọ́ iwájú, AGPL ni kó o rò. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe èyíkéyìí, jókòó ti bàbá. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lo ti kọ ọ́, iná ẹ̀ lo lò, bóyá owó oṣù ẹ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ara yín ta ló ni kí ni. Èmi kì í ṣe lọ́yà, tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má ṣe é lẹ́yìn ẹ̀, jọ̀ọ́, kóòdù kankan ò tó ohun tá a fi ń ba àárín ẹbí jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, kọ README ẹ, ìwé àlàyé tó ń bá kóòdù lọ, ní gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, fi Yorùbá kún un, kí ọ̀gá onítẹ̀wé tí ọmọ ẹ̀ bá kà á fún lè lóye ohun tó ń ṣe. Fi àpẹẹrẹ iṣẹ́ gidi mẹ́ta sí i, handbill ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn, ìwé ètò ìsìnkú kan, àti ìwé risíìtì oní-duplicate. Bébà tó ń ṣòfò, má kọ iye ẹ̀ mọ́nú kóòdù gbọn-in gbọn-in, jẹ́ kí onítálukú lè yí i, torí ẹ̀rọ tiyín kọ́ ni ẹ̀rọ wọn. Fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Múṣin tó jẹ́ pé kàléńdà ògiri àti páálí ìdìjà ni iṣẹ́ tiẹ̀, ohun tó ń gé kì í ṣe onígun mẹ́rin, ọdọọdún ló ń ráhùn pé bébà ń ṣòfò lọ́wọ́ òun, òun ni màá kọ́kọ́ gbé e fún.